Ẹni Tó Ń Pè Wá Kí Òun Fúnra Rẹ̀ Tó Dé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Ládànì

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ sin olóògbé débi tí ẹsẹ̀ alààyè mọ, ẹbí kí yín, a sì dúpẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ti darúgbó sí òkè òkun, ni a ní kí ó kọ ìtàn yìí, torí òun nìkan ló kù nínú àwọn tó bá a gbé yàrá tí wọ́n bí i sí. Ohun tí ojú rẹ̀ kò bá, àwọn ọmọ olóògbé ló sọ ọ́ fún un.

Ní ọdún 1942 ni wọ́n bí i, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Àga tìmùtìmù ni bàbá náà ń ṣe, bí bàbá tirẹ̀ ti ṣe ṣáájú. Ìyá ń fọṣọ fún àwọn ilé ńláńlá. Pákó lásán ló pààlà yàrá àti ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà òórùn àtè gbígbóná àti eruku inú àga àtijọ́ ni ọmọ náà kọ́kọ́ mí símú. Ìyá máa ń sọ pé ọmọ òun kò sunkún bí àwọn ọmọ yòókù. Ṣe ló kígbe, tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kan fi fò dìde lórí àga níwájú, ó rò pé ìṣó ló gún ẹnì kan.

Ó ń lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, ó ń lọ sí ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́. Àfáà tó kọ́ wọn kì í gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ kan, ó bi wọ́n pé kí ni Ìsìláámù. Olóògbé dìde fùú, ó ka òpó márààrún bí ẹni ń da omi.

Àfáà ní, “O káre. Ohun tí à ń ṣe lo kà yẹn. Ìwọ tó ń ṣe é ńkọ́, kí ló yẹ kí o jẹ́?”

Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ láti òpó àkọ́kọ́. Àfáà dá a dúró.

“Kí o gbé ara rẹ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí o má sì fà á padà. Òun náà nìyẹn.”

“Kò mà le, Àfáà.”

Àfáà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Jókòó jàre. O ṣì kéré.”

Ní ọdún 1957, ìṣó tó dípẹtà gún bàbá wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Ọgbẹ́ náà kò tóbi, kò sẹ́ni tó kà á sí. Kò pẹ́ tí gbogbo ara rẹ̀ fi le gan-an, tí eyín rẹ̀ pa dé, tí ṣíbí kò lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú. Ìyá kò ráhùn lórí àìríjẹ tó tẹ̀ lé e bí ó ti ráhùn lórí pé ọkọ òun kò rí ẹnu fi ṣe kálímà, ìjẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ló wà, kí ó tó lọ. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ ọ́ fún. Olóògbé ló jókòó tì í, òun ló ń gbọ́ ọ. Ọdún yẹn ló fi ìwé sílẹ̀, tó gbé òòlù bàbá rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ kò lè gbàgbé. A máa kó ìṣó kéékèèké sẹ́nu, ahọ́n rẹ̀ a sì máa tì wọ́n jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, orí ìṣó ló ń ṣáájú. A na aṣọ, a gba ìṣó lẹ́nu, a kàn án, láìwò. Bí àkókò ìrun bá tó, a tu ìṣó sínú agolo, a ṣe àlùwàlá, ó di mọ́sáláṣí.

Ní ọdún 1965, wọ́n fi í ṣe ládànì, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ohùn náà, ẹ kò nílò àlàyé wa. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a, àlàyé wa kò lè tó. Ẹni tó kọ ìtàn yìí ti gbọ́ ìpè ìrun ní ọ̀pọ̀ ìlú láti ìgbà tó ti kúrò nílé, kò sì tíì gbọ́ èyí tó mú un dìde lórí ibùsùn bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí yóò fà á, fà á, tí ìwọ tó ń gbọ́ ọ ni èémí yóò kọ́kọ́ tán fún.

Ní ọdún 1969, ó fẹ́ obìnrin tó ń bá a rán aṣọ àga. Ìyàwó náà a máa wí fún gbogbo ayé pé, “Ohùn ni mo fẹ́. Ọkùnrin yìí, èènì ni wọ́n fi ṣe fún mi.” Ọlọ́run fi ọmọbìnrin kan àti ọkùnrin méjì ta wọ́n lọ́rẹ.

A kò ní pa irọ́ mọ́ òkú. Olóògbé fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí, ibà ì báà máa gbọ̀n ọ́n. Wẹ́dà kan wà ní òdìkejì títì, onísùúrù ọkùnrin. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa gbà yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ìwọ? Bí ìwọ bá pe ìrun, ewúrẹ́ ni yóò wá to sáfù lẹ́yìn Lèmọ́ọ̀mù.”

Gbogbo mọ́sáláṣí rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tún bèèrè mọ́.

Ní ọdún 1996, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó mu oyin, ó mu omi gbígbóná, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí kò ṣeé fi pa mọ́ mọ́, ó rántí pé ọmọbìnrin òun ti gba ìpè òun sórí kásẹ́ẹ̀tì nígbà kan. Ó gbé rédíò kékeré wọ inú yàrá ẹ̀rọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì pè wá. Àwa ń yìn ín pé ohùn Bàbá ti bọ̀ sípò. Kásẹ́ẹ̀tì náà ní ojú méjì: ojú kan jẹ́ ti àsùbáà, ìkejì jẹ́ ti àwọn ìrun yòókù. Ọjọ́ kan ní ọ̀sán gangan, ó fi ojú tí kò yẹ síwájú. Oòrùn wà láàárín orí, iná wẹ́dà ń ta pàrà, ni gbogbo àdúgbò bá gbọ́ ọ kedere, ọ̀rọ̀ tí ìpè àsùbáà nìkan ní: ìrun dára ju oorun lọ.

“Ta ló ń sùn?” Ẹnì kan ké láti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Ìpè náà ń lọ ní tirẹ̀, ohùn tó dùn, ohùn ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Nígbà tí Lèmọ́ọ̀mù ṣílẹ̀kùn, ó bá olóògbé tó ń fi ìka wá bọ́tìnì, tí kò rí i.

“Ta lò ń pè wá wá bá?” Lèmọ́ọ̀mù rọra bi í. “Ọlọ́run ni, àbí ohùn rẹ?”

“Bí mo bá gbé ohùn yìí sílẹ̀,” ó ń há kẹ̀kẹ̀, “kí ló kù nínú mi?”

“Èmi ò mọ̀. Ìwọ lọ wò ó.”

Jẹjẹrẹ ló wà ní gògóńgò rẹ̀. Ní ọdún 1997, wọ́n gé e kúrò pátápátá, wọ́n sì dá ihò sí ọrùn rẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ mí. Nítorí kò sí ẹlòmíràn, wẹ́dà ló di ládànì. Ìpè rẹ̀ burú lóòótọ́.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e dúdú. Olóògbé kò lọ sí mọ́sáláṣí mọ́. Bí wẹ́dà bá ti bẹ̀rẹ̀ ìpè, yóò gbé òòlù, yóò sì máa kàn án gbàù gbàù lórí pákó tí kò sí ìṣó kankan nínú rẹ̀, títí ìpè yóò fi parí. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́: “Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ rántí bàbá yín. Kò rí ẹnu, ẹ̀yin náà ò sì ní ohùn. Bí ọkàn bá tún pa dé, kí lẹ máa fi lọ?” Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ, ó kọ ọ́ sórí tábìlì: “Mo gbé ara mi lé E lọ́wọ́. Wo ohun tó mú.” Ìyàwó náà fi aṣọ orí rẹ̀ nù ún kí àwọn ọmọ má bàa rí i. Àkọ́bí rí i.

Obìnrin yìí ló ń wo ètè rẹ̀, tó ń bá a dá oníbàárà lóhùn. Ní ọdún 2005, ó dorí kodò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì gbé e sókè mọ́. Bí olóògbé ṣe pàdánù ohùn lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ó wá kírun sí i lára. Ìrun òkú kò ní ìpè, kò sí ohun tí ládànì ń ṣe níbẹ̀ ju kí ó dúró bí gbogbo èèyàn. Ó dúró ní sáfù ìkẹyìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ ìpè. Olóògbé gbé òòlù sókè. Àkọ́bí rẹ̀ di etí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wò ó, ó rí i tó ń rọra gbé òòlù náà kalẹ̀, tó sì ń tu ìṣó sínú agolo.

Nígbà tí wẹ́dà wá kí i kú àṣẹ̀yìndè, olóògbé kọ ọ́ sórí tábìlì pé: “Ìpè rẹ kò dára.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ ti sọ ọ́ tipẹ́.”

Olóògbé dìde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níkùn, ó tẹ̀ ẹ́ pé ibẹ̀ ni kí èémí ti wá. Ó fi òòlù lu tábìlì jẹ́jẹ́ láti fi bí ó ṣe yẹ kí ó fà á tó hàn án, ó tún tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ rọra o, Bàbá! Ikùn nìyí, kì í ṣe fóòmù.”

Èjìká olóògbé mì. Ẹ̀rín ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì rí i láti ìgbà tí wọ́n ti gé gògóńgò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, ọdún lé ọdún, títí ohùn gbígbẹ yẹn fi kọ́ bí a ṣe ń fà á.

Ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn fún un lẹ́yìn náà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í dìde. Àkọ́bí bi í lẹ́ẹ̀kan pé, “Bàbá, ṣé ẹ ti gbà fún Ọlọ́run báyìí?” Ó mú ṣọ́ọ̀kì. “Láàárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́, n ò tíì mọ̀.”

Ní ọdún 2019, jẹjẹrẹ náà padà wá, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìrora rẹ̀ pọ̀, a kò ní bò ó. Ọ̀rọ̀ ìyá olóògbé nípa kálímà kò kúrò létí àkọ́bí; ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà á bó ti jókòó tì í. Lásùbáà ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ó ṣí fèrèsé. Wẹ́dà pe ìrun. Níbi ìjẹ́rìí, olóògbé na ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ìka náà ṣì wà lókè nígbà tí wẹ́dà dé ibi tí wọ́n ti fi Bàbá ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìpè parí, ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, olóògbé kò sì fà á padà mọ́.

Ó fi ọmọ mẹ́ta sáyé, àwọn ọmọ-ọmọ, àbúrò kan tó jìnnà sílé, àti wẹ́dà, tí ẹbí kà mọ́ àwọn ọmọ.

Bàbá Ládànì, ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń jí wa, tí ẹ ń sọ pé ìrun dára ju oorun lọ. Ẹ ti kírun tiyín tán. Kí Ọlọ́run tí ẹ gbé ara yín lé lọ́wọ́ má ṣe jù yín sílẹ̀. Ó kan oorun wàyí. Ẹ sùn ire, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa jí yín.