Orin tí Mo Kọ sí Abẹ́ Àwókù

Ìṣẹ́rí Olówóòrà,
Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Ọlábámijí ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ? Ṣé òtútù ìlú Jàpáàn kò tíì máa wọ̀ ọ́ léegun? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ẹ̀kọ́ tí o torí rẹ̀ lọ sì máa yé ọ sí i. Àwa náà wà láàyè, Ọlọ́run la dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mutolib, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Nígbà tí o pè wá, ohun tí mo sọ fún ọ kò ju pé ilé wó, Oyin àbúrò rẹ farapa, àmọ́ ó ti ń gbádùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò tẹ́ ọ lọ́rùn. Ẹnu mi ò lè gbé e lórí fóònù, torí Oyin wà nítòsí, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ létí òun. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

O rántí orin àwọn méjì ará Jàpáàn tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí i, ọkùnrin tó ń ta gìtá tó sì ń ronú ọ̀rọ̀ orin, àti obìnrin tó ń kọ ọ́. O ní kò sí ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ wọ́n lọ́hùn-ún, pé inú ìwé ìtàn ni ọkùnrin yẹn ti ń fa orin yọ. Ìwọ lo túmọ̀ ti ìyàwó apẹja fún Oyin. Kùrukùru bo òkun, ọkọ ò dé, ìyàwó dúró ní èbúté, ó ń pè é. Bó bá pè, ọkọ á dáhùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ á túbọ̀ máa jìnnà. Oyin àti Màríyámọ̀, ọmọ Hàlímátù tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ni wọ́n pín in láàárín ara wọn. Màríyámọ̀ ni ìyàwó, Oyin ni apẹja. Bí Màríyámọ̀ ò bá sí nílé, èmi ni Oyin máa ń fi rọ́pò rẹ̀ ní kíṣìnnì. Bí mo ṣe mọ apá ti ìyàwó nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi ò yí i dáadáa. Ibì kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ràn níbẹ̀ ni ìparí, níbi tí ọkọ ti dákẹ́.

Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Ìkòsí, èyí tí onílé tún ń fi àjà mìíràn lé lórí, ló wó lu tiwa lọ́sàn-án Sátidé kan, lẹ́yìn òjò ńlá. Mo wà ní Mende lọ́dọ̀ Àǹtí Mojí. Bàbá rẹ pè mí, ó ní, "Àrìnkẹ́, máa bọ̀ nílé," ó sì pa fóònù. Mi ò mọ bí mo ṣe dé Ìkòsí. Eruku ṣì ń rú nígbà tí mo dé. Níbi tí ẹnu ọ̀nà wa wà tẹ́lẹ̀, kọnkéré ni mo rí, bàbá rẹ sì wà lórí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán hú búlọ́ọ̀kù. Mo bi í pé Oyin ńkọ́. Ó wò mí, ó tún tẹ̀ba, ó ń hú u lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yọ èèyàn nínú ewu ti yọ àwọn kan láàyè, wọ́n sì ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n pè títí bóyá ẹnì kan ṣì kù, kò sẹ́ni tó dáhùn. Aládùúgbò kan wá sọ fún wọn pé òun rí Oyin àti Màríyámọ̀ tí wọ́n ń lọ sí lẹ́sìnnì láàárọ̀. Hàlímátù, tí òun náà ò sí nílé, ní lóòótọ́ ni wọ́n jáde, àmọ́ òun ò mọ̀ bóyá wọ́n ti padà kí ilé tó wó. Fóònù Oyin ò lọ. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà ní kí katapílà wá máa kó àwókù náà, torí ògiri tó kù lè ya lu àwọn èèyàn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Jẹ́jẹ́ ló bá mi sọ ọ́, pé, "Mummy, a ti pè títí."

Mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ jẹ́ kí èmi náà pè é." Ó wo ojú mi, ó sì na ọwọ́ sókè. Katapílà dákẹ́, àwọn èrò náà dákẹ́. Mo pe Oyin, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pè é ní Àpínkẹ́, oríkì rẹ̀, síbẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó sọ ọ́ sí mi lọ́kàn, àmọ́ mo dojú bolẹ̀ lórí kọnkéré yẹn, mo gbé ẹnu síbi ihò kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ orin ìyàwó apẹja. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní orí mi ti dàrú. Mo kọ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tán, mo dúró.

Ọlábámijí, Àtàndá mi, ó dáhùn. Ohùn náà tín-ín-rín, bíi pé inú kànga ló ti ń bọ̀, àmọ́ apá ti apẹja ni. Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n máa kọ ọ́ lọ, kí wọ́n lè mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Bí mo bá kọ ọ́, Oyin á dáhùn, wọ́n á gbẹ́ díẹ̀, wọ́n á tún ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, èmi á tún kọ ọ́. Ohùn mi há. Oòrùn ń wọ̀. Bó ṣe ń dáhùn tó ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orin náà ṣe wí. Nígbà tó ku ẹsẹ̀ tí ọkọ ti máa dákẹ́, ẹ̀rù bà mí. Mi ò kọ ẹsẹ̀ yẹn. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ṣáá, títí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà fi ké láti inú ihò pé òun ti di ọwọ́ kan mú.

Ọwọ́ Oyin ni. Ọwọ́ rẹ̀ kejì, èyí tó kán, ló fi di Màríyámọ̀ mú. Màríyámọ̀ ò mí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Hàlímátù wà nígbà tí wọ́n gbé wọn jáde. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọrin ló fi ń tẹ́tí bóyá òun á gbọ́ ohùn ọmọ tòun. Wọ́n sin ọmọ náà lọ́jọ́ kejì.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu Oyin, kò sì fẹ́ gbọ́ orin kankan. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Hàlímátù wá kí wa níbí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Mo rò pé ó fẹ́ bi mí léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọ tèmi ló yè. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wọlé tọ Oyin lọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Oyin, ṣé ọmọ mi nìkan ló wà nígbà tó ń lọ?"

Oyin ní, "Rárá, mà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ Mummy mi. Oorun ti ń gbé mi lọ, òun ló jí mi, ó ní apá tèmi nìyẹn, kí n dáhùn."

Hàlímátù ò sunkún. Ó ní kí n bá òun mú òòyà wá. Irun Oyin ti ta kókó láti ọsibítù, kò jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn án. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níwájú Hàlímátù, ó sì gbé orí lé e lórúnkún. Hàlímátù rọra ń tú u, ó ń dì í. Èmi jáde, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn.

Bí o bá pè, jẹ́ kí Oyin fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ kí ẹ kàn dákẹ́ lórí fóònù, ẹ dákẹ́ pọ̀.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn àbúrò rẹ, òun náà ni yóò jẹ́ kí n máa gbọ́ tìrẹ. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì. O kò ní wá wa kù, àwa náà kò ní wá ọ kù. Wàá lọ re, wàá sì bọ̀ re.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Àrìnkẹ́.

Àfikún: Bàbá rẹ ní kí n má sọ fún ọ pé èékánná rẹ̀ bọ́ níbi tó ti ń hú búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ti ń hù padà. Má jẹ́ kó mọ̀ pé o ti gbọ́.