Àgùntàn Márùn-ún Tí Mi Ò Ní

                                        Ilé Etí Òkun,
                                        Klettavík,
                                        Suðuroy.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi Mikkjal,

Márùn-ún! Ẹ fi bírò ọwọ́ yín kọ ọ́ pé mo ní àgùntàn márùn-ún! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń jẹun nílé mi láti ogójì ọdún, ọjọ́ wo lẹ rí àgùntàn níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú abọ́?

Mi ò tíì kí yín. Ẹ jẹ́ kí n kí yín ná, kí n má bàa dà bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú afẹ́fẹ́ ọjọ́ Sátidé tó gbé òrùlé ilé ẹran yín sínú òkun. Mo gbọ́ pé ẹ ti rí ìdajì ẹ̀. Marita ọmọ yín ńkọ́, ṣé oyún ò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ẹ ti ń lè gun òkè? Ara tèmi ò burú, àfi ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí gan-an ló bí gbogbo ẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń bá ámbúláǹsì abúlé wa ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò rán mi lọ sílé ìwé ẹ̀. Mo wò, mo ṣe, mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ láti oṣù kẹrin, bí mo bá ti di nǹkan mú, ọwọ́ ọ̀tún mi kì í fẹ́ tú u sílẹ̀ mọ́. Nílé ìtajà, mo gbé àpò ọ̀dùnkún lé orí káńtà, ọwọ́ mi ò kúrò lára ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbowó fà á, èmi náà fà á. Ó ní, "Àǹtí Sólrun, ṣé ẹ fẹ́ ẹ àbí ẹ ò fẹ́ ẹ?" Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń wò wá bí ẹni ń wo ìjàkadì. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, mo bọ alùfáà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò lè fi í sílẹ̀. A jọ rìn délé ẹ̀ ni. Ìyàwó ẹ̀ wò wá, ó ní kí n kúkú jókòó kí n jẹun.

Ni ọ́fíìsì ìlera bá ní kí n lọ rí Birthe, obìnrin ará Denmark tí wọ́n gbà láti máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwa tá à ń ṣaájò ẹlòmíràn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń bá ọkọ̀ ojú omi wá. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ mi. Ó ní ìpayà àwọn tí mò ń gbé ló kó ràn mí, bí òfìnkìn ṣe ń ran èèyàn, pé kí n máa sọ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ títí ara á fi fúyẹ́. Ó dáa. Mo la ẹnu.

Ó ní, "Dúró o! O ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin ni."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ dárúkọ? Bàbá kan tó ń wúkọ́..."

"Dúró! Wọ́n lè mọ̀ ọ́n."

"Birthe, ilé mẹ́tàdínlógójì ló wà lábúlé wa. Bí mo bá ní ẹnì kan sín, wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

Ó ronú títí. Ó ní, "Sọ wọ́n di àgùntàn."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ń jáde! Mo sọ ti àgùntàn tó jábọ́ láti orí àtẹ̀gùn, tó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí i. Mo sọ ti èyí tí ọkọ ẹ̀ ń fi àga lù. Mo sọ ti èyí tó gbé odindi ìgò oògùn mì, àti ti èyí tó bímọ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ìjì ń jà. Birthe ń sunkún. Ó ní, "Ta ló ń tọ́jú àwọn àgùntàn wọ̀nyí gan-an?"

Mo ní, "Birthe, èèyàn mà ni wọ́n!"

Ó fọwọ́ bo ẹnu mi. "O ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀!"

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gbé ife kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá mi já a gbà. Ó wá ku ìkarùn-ún. Ìkarùn-ún ló há mi lọ́fun. Àwọn mẹ́rin yẹn, mo fi ń gbára dì ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Àgbò àgbàlagbà kan jábọ́ sórí àpáta lókè òkun, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣẹ́," ni àkókò bá tó. Ó ní ó di Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé, Birthe ò dé. Ara ẹ̀ ò yá. Wọ́n ní tó bá ti rí ẹran àgùntàn nínú abọ́, ẹkún ni. Ẹlòmíràn tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ ò tiẹ̀ pè mí, ó kàn ṣí fáìlì mi, ó ka ohun tí Birthe kọ síbẹ̀. Ẹ mọ òfin wọn: tó bá jẹ́ èèyàn ló ń jìyà, ẹ panu mọ́, tó bá jẹ́ ẹranko, dandan ni kí ẹ fẹjọ́ sùn. Ó fẹjọ́ sùn. Ni wọ́n bá rán Rói sí mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bójú tó ìlera ẹranko. Ó yẹ gáréèjì mi wò, ó yẹ ilé ìfọṣọ wò, ó mú súwẹ́tà mi, ó gbóòórùn ẹ̀.

"Màmá, èyí tó jábọ́ lórí àtẹ̀gùn dà?"

Ẹnu mi yọ̀. Mo ní, "Ó ti lọ bá ọmọ ẹ̀ ní Tórshavn, olú ìlú wa. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Àmì etí wọn ńkọ́?"

"Ọ̀kan ń lo yẹtí wúrà."

Ó kọ ìyẹn náà. "Èyí tí ọkọ ẹ̀ ń fi àga lù yìí, Màmá, báwo ni àgbò ṣe ń gbé àga?"

"Lọ bi í! Ó ti tó ọdún mẹ́wàá táwa náà ti ń béèrè!"

Ẹ sì wò ó o. Ọdún mẹ́wàá tí àga ti ń bà á, ẹnikẹ́ni ò wá. Ó di àgùntàn, ìjọba dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ta ni kí n fẹjọ́ ìyẹn sùn?

Mo ní mi ò ní àgùntàn kankan. Rói ní òun ti béèrè lọ́wọ́ alága pápá ìjẹko, alága sì ti fọwọ́ sí i pé márùn-ún ni mo ní. Alága wo? Ẹ̀yin! Wọ́n ti wá ní kí n má fọwọ́ kan ámbúláǹsì mọ́, kí n má sì jókòó bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan títí ọ̀rọ̀ ẹran á fi yanjú. Ọwọ́ mi ti tún ń di nǹkan mú láìtú u sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, wákàtí kan ni mo fi di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Ẹ má sọ fún mi pé àṣìṣe ni. Òfin ò ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀, torí náà màá sọ ọ́: ẹ̀yin ni àgbò yẹn. Ẹ ka ìwé Rói dé orí ìkarùn-ún, ẹ dá ara yín mọ̀. Ẹ̀rù bà yín pé bí ẹ bá ní kì í ṣe àgùntàn, wọ́n á béèrè pé ta wá ni. Ẹ bá kúkú sọ ara yín di ẹran mi.

Lọ́jọ́ tí ẹ jábọ́ lóṣù kẹrin yẹn, kùrukùru ò jẹ́ kí hẹlikọ́pítà wá. Wákàtí mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ yín lórí àpáta lẹ́yìn tí wọ́n fi okùn sọ̀ mí kalẹ̀. Ẹ ń pe Rannvá ìyàwó yín, Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ ní ó ń dúró dè yín nísàlẹ̀. Ẹ ní, "Sólrun, tú ọwọ́ ẹ, jẹ́ kí n máa lọ." Ẹ bẹ̀ mí bí ọmọdé. Mo di bẹ́líìtì yín mú, mi ò tú u. Láti ìgbà náà, tá a bá pàdé lójú ọ̀nà, ẹ máa ní, "Ojú ọjọ́ mà dáa lónìí," òjò á sì máa pa àwa méjèèjì.

Mi ò bínú pé ẹ sunkún. Mi ò bínú pé ẹ bẹ̀ mí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ fẹ́ kí èmi nìkan máa gbé e kiri.

Ẹ bá mi kí Marita àti ọkọ ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mo ti hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ.

Wọ́n ní kí n kó àwọn àgùntàn mi wá sí ọgbà ẹran lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀, pé bó ṣe ọ̀kan ni mo rí mú wá, àwọn á fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè pe àwọn mẹ́rin yẹn. Ìkarùn-ún lè fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá, kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó jẹ́, òfin kankan ò ní dí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ máa wá àbí ẹ ò ní wá? Ẹ dá mi lóhùn.

Èmi àbúrò yín tí ò ní ẹran,
Sólrun