Òògùn Ewé Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Yín

Mọ́rẹ́olúwa ọmọ mi,

Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára, ṣé òjò Èkó ò wọlé bá ọ? Ẹlẹ́dàá tí mo ń fi ọ́ lé lọ́wọ́ ní àràárọ̀ kò ní gbàgbé rẹ. Gbogbo ará Jọ́gà ń kí ọ. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mi ò lè fi fóònù sọ èyí, torí ọ̀kan náà ni èmi àti bàbá yín ń lò, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ sínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e sétí.

Òògùn ewé inú ike tí o ní ó ń lé àárẹ̀ àti ogbó dé ọwọ́ wa. Mo ń tú hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń da àgúnmu inú rẹ̀ sínú ẹ̀kọ gbígbóná fún bàbá yín, mo sì ń fọ èèpo rọ́bà rẹ̀, mo ti kó o sínú ọ̀rá kí o dá a padà fún ẹni tó tà á kó lè rọ òmíràn sí i, bí a ṣe ń dá ìgò ọtí padà. Àwọn kan yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú omi, bá mi bẹ̀ ẹ́.

Láti ìgbà náà ni bàbá yín ò ti sinmi. Àwọn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó dé ìdí kànga, wọ́n tún gbé igbà kọ́ èjìká, wọ́n ní ọ̀pẹ làwọn fẹ́ gùn. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé pé òògùn ọmọ àwọn ti gba ọdún lára àwọn. Mo gbà á gbọ́, ẹ̀rù sì bà mí, torí bí wọ́n bá ń padà sẹ́yìn báyìí, wọ́n lè kọjá ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mi.

Mo gbé ike náà lọ bá Fadékẹ́mi, ọmọ Rájí, tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì ní Ayétòrò. Ó ní ewé mòríńgà lílọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pé ó ń ṣara lóore bí ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kì í dá ọjọ́ orí padà, àti pé àárẹ̀ tó bá pẹ́ lára àgbàlagbà, ọsibítù ni ká gbé e lọ. Mòríńgà kan náà ni ewúrẹ́ wa ń jẹ, òun náà sì ń gbó lọ.

Lánàá, mo yọ́ tẹ̀ lé bàbá yín lọ sóko. Mo bá wọn ní ìdí ọ̀pẹ, igbà wà nílẹ̀, òógùn bò wọ́n, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí èémí wọn padà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Má sọ fún Mọ́rẹ́olúwa pé kò ṣiṣẹ́. Inú ọmọ náà ń dùn." Mo sunkún, ọmọ mi.

Nítorí náà, má ra òmíràn. Fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi gbé wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Ìlaró. Mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀, àfi kí ìwọ fúnra rẹ wá sọ fún wọn pé kò burú bó bá rẹ̀ wọ́n. Bí ọ̀gá rẹ ò bá fẹ́ fún ọ láyè níbi iṣẹ́, sọ fún un pé bàbá rẹ ń parọ́ nítorí rẹ, agbára irọ́ náà sì ti ń tán lára wọn.

Ọ̀nà á là fún ọ, o ò ní pẹ́ jù.

Èmi ìyá rẹ,
Bámikẹ́