Ìyá Àkàngbé Kò Ní Wọ Àkísà Ya Fọ́tò

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Fádáìró,
                                        Yábà, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Tèmídayọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ju ìyekan lọ,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara wọn ti le dáadáa lẹ́yìn ibà tó dá wọn dùbúlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ déédéé? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fẹ́ san? Ẹ kú ooru o. Bó ṣe ń mú yín l'Abẹ́òkúta náà ló ń mú wa ní Yábà níbí. Èmi náà wà dáadáa, iṣẹ́ ń lọ, onílé mi sì ń ṣe bí ẹni pé òun ló bí mi.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. O ní wọ́n ti ròyìn dé ọ̀dọ̀ rẹ pé mo bú Ẹ̀gbọ́n Christopher, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, lójú gbogbo ayé, pé kí n lọ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Mi ò dá ọ lóhùn torí pé inú ń bí mi, bí mo bá sì sọ̀rọ̀ nígbà náà, ìwọ lo máa fara gbá a. Ìdí tí mo fi mú bíírò nìyẹn. O mọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe ẹni tó bá gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Mi ò ní pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n jókòó kí o gbọ́ tèmi.

O rántí Ìyá Àkàngbé, àbúrò màmá mi, tí èmi pẹ̀lú rẹ lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn ní abà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n máa ń bu gààrí gbígbóná fún wa láti inú agbada. Gẹ̀gẹ̀ kékeré tó wà lọ́rùn wọn nígbà náà ti dàgbà, ó sì ti ń fún wọn lọ́fun. Wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ìjókòó ni wọ́n ń sùn, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri, èémí wọn á máa dún bíi fèrè. Dókítà ti sọ ọ́ gbangba pé bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ọ̀nà èémí yóò dí pa. Tọkọtaya tó ń gbin ẹ̀gẹ́, tí òjò ọdún tó kọjá sì já kulẹ̀, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rówó iṣẹ́ abẹ?

Ni mo bá tọ Ẹ̀gbọ́n Christopher lọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Pápá Àjàó. Wọ́n ní ojú ewé kan lórí Fesibúùkù tí wọ́n fi ń bá àwọn aláìsàn tọrọ owó, èrò tó ń wò ó sì pọ̀. Wọ́n ti gba ẹ̀mí là níbẹ̀, mi ò ní torí ìbínú sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n gbà lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n sáà wá fọ́tò ìdílé náà wá. Mo pe Bàbá Àkàngbé, mo ní kí àwọn àti ìyá ya fọ́tò ránṣẹ́, pé àwọn èèyàn fẹ́ rí wọn kí wọ́n tó ṣèrànwọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ àwọn ará ilé wa. Tọkọtaya náà wọkọ̀ lọ sí ilé ayafọ́tò nínú ìlú. Bàbá wọ agbádá léèsì, wọ́n gẹ fìlà, wọ́n tún yá aago ọwọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ abúlé. Ìyá wé gèlè, wọ́n lé tìróò, wọ́n sì fi ìborùn wé ọrùn dáadáa tí gẹ̀gẹ̀ náà ò hàn rárá. Àwọn méjèèjì dúró ṣánṣán níwájú aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí. Nígbà tí fọ́tò náà wọlé sórí fóònù mi, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Christopher gbé e síta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnìkan ní aago ọwọ́ bàbá yẹn nìkan tó san owó ilé ìwòsàn. Òmíràn béèrè pé níbo ni àìsàn wà lára obìnrin tó múra bí ìyá ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n yọ fọ́tò náà kúrò, wọ́n sì pè mí.

"Ṣùbòmí, na tears dey bring money o. Jẹ́ kí wọ́n wọ aṣọ oko. Kí ìyá yẹn tú ìborùn, ká rí nǹkan ọrùn yẹn clearly. Tí wọ́n bá lè sunkún díẹ̀, a ti ṣe é nìyẹn."

Mo pe abúlé, torí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ẹni tó fẹ́ lọ bẹ àwọn èèyàn, ṣé aṣọ oko ló yẹ kó wọ̀ lọ síwájú wọn? A bọ̀wọ̀ fún wọn ni." Ìyá gba fóònù, ohùn wọn ti ha. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìhòòhò àwọn ni wọ́n fẹ́ rí, àwọn á tú aṣọ, pé àwọn ò tíì fẹ́ kú.

Tèmídayọ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ̀, tí owó ò sì jọ, èmi ni màá jíhìn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń fi aṣọ bo ọrùn láti ìgbà tí àwọn ọmọdé abúlé ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣé èmi ni kí n wá tú u fún gbogbo ayé wò? Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Christopher pé rárá. Wọ́n ní ìgbéraga ń dà mí láàmú, pé tálákà kì í ṣe fújà. Mo wá dá wọn lóhùn lórí wásáàpù ẹgbẹ́, pé bí ẹkún bá ń mówó wá, kí wọ́n gbé ìyá tiwọn síwájú kámẹ́rà kó sunkún ká rí i. Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn, wọn ò purọ́ mọ́ mi. Mo sọ ọ́, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Mo lọ tẹ fọ́tò náà sórí páálí ńlá, mo kọ ọ̀rọ̀ àìsàn náà sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń gbé e kiri Pápá Àjàó láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan lé mi. Tàjùdéèn tó ń ṣe àga tìmùtìmù wò ó títí, ó ní, "Ìyá yìí fine ju ìyàwó mi lọ, má sọ fún un o," ó sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń béèrè, wọ́n ń fi nǹkan sílẹ̀. Jude tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà gbé e yíká ọ́fíìsì, ó ní bí ìyá òun ṣe máa ń dúró ya fọ́tò nìyẹn. Kò yá bí ojú ewé Ẹ̀gbọ́n Christopher ì bá ṣe yá, mi ò ní tàn ọ́. Ọjọ́ wà tí mo ń gbọ́ èémí ìyá lórí fóònù, tí mo ń bi ara mi bóyá oríkunkun mi ló máa pa wọ́n.

Owó náà pé níkẹyìn, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà fún wọn níbí l'Èkó, ó sì yọrí sí rere. Nígbà tí mo wọ yàrá wọn ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, ìyá ń sùn. Wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Bàbá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, wọn ò wo ibòmíràn. Kò pẹ́ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wa dé, Ẹ̀gbọ́n Christopher ló ṣáájú, fóònù ti wà lókè lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ dìde, Bàbá ti dìde ṣáájú mi, àwọn tí kì í gbóhùn sókè. Wọ́n kí gbogbo àlejò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n wá na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ṣé, ẹ kú ìrìn. Ìyàwó mi ń sùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó sùn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù yẹn sápò."

Àwọn àlejò yí padà. Ìyá ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá.

Nítorí náà, má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ orúkọ mi nínú ẹgbẹ́, kí wọ́n yọ ọ́. Ìwọ náà rí i pé mo ṣì ń fi ẹ̀gbọ́n pè wọ́n látòkè délẹ̀ nínú lẹ́tà yìí. Gbogbo àforíjì tí wọ́n máa rí gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì kúnlẹ̀ kí màmá fún mi.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ olóríkunkun,
                                        Ṣùbòmí.