Ilẹ̀ Tí Mo Rà Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹfà 2025
Mo gbé. Rosaline ìyàwó mi wọlé láti ilé ìwé ní Yábàá, kò tíì bọ́ bàtà tó fi kéde pé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dáàbò bo àyíká ti rí ibi tí wọ́n máa lọ ṣe ìbẹ̀wò. Àbàtà Òde-Omi. Mo ní ibo? Ó tún un sọ. Ẹ̀bà há mi lọ́fun.

Kí n kọ ọ́ síbí, nítorí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú oṣù Kejì, mo ra ilẹ̀ ní Òde-Omi. Ọdún mọ́kàndínlógún la ti ń gbé ilé onílé ní Ìpọ̀nrí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, ọ̀gá ni mí ní ọ́fíìsì, síbẹ̀ lándílọ́ọ̀dù ṣì ń bá mi wí lórí ibi tí mo sá aṣọ sí. Ó ń dùn mí. Rosaline yóò pé àádọ́ta ọdún lọ́jọ́ Àìkú, 6 oṣù Keje, èrò mi sì ni pé kí n gbé ìwé ilẹ̀ náà lé e lọ́wọ́ níwájú ìjọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo fi rà á. Mo ti sọ fún Àlùfáà wa pé mo ní ìkéde kan.

Ṣùgbọ́n tíṣà bàọ́lọ́jì ni ìyàwó mi. Ẹni tó bá da iyanrìn sí àbàtà, ọ̀tá rẹ̀ ni. Ó ti kọ lẹ́tà sí ìjọba lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀gá Àbàtà ni mò ń pè é — nínú ìwé yìí nìkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Mo pe Taoheed, ejẹ́ńtì Pápá Àjàó tó ta ilẹ̀ náà fún mi. Ilẹ̀ Líle lorúkọ tí mo sọ ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ tó mú mi débẹ̀, ńṣe ló ń fi gìgísẹ̀ kilẹ̀, gbì, gbì: "Alàgbà, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, ilẹ̀ líle!" Lóòótọ́ ó le. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ ti gbẹ débi pé ó là. Lónìí mo bi í bóyá omi máa ń dé ibẹ̀. Ó ní, "Ah, Alàgbà, rainy season mà ni. Ibo lomi ò dé l'Ékòó?"

Ta ló ń ra ilẹ̀ nínú ọyẹ́ tí kò padà lọ wò ó nínú òjò? Èmi. Mo sì kàwé o.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni pátákó. Kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà tún un tà fún ẹlòmíì, mo ní kí wọ́n ri pátákó mọ́ ibẹ̀, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Lẹ́tà pupa, gàdàgbà: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. ARÁBÌNRIN ROSALINE ṢÓWÁNDÉ LÓ NI ÍN.

Ọjọ́rú, 18
Mo dábàá pé kí wọ́n kúkú lọ sí mùsíọ́ọ̀mù. Ó wò mí títí. Mo dojú kọ ẹ̀fọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21
Mo purọ́ pé mò ń lọ bẹ aláìsàn wò ní Ìdí-Àràbà. Òde-Omi ni mo gbà lọ, ayùn àti òòlù nínú báàgì tí mo fi ń gbé Bíbélì. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Omi! Omi ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí Ilẹ̀ Líle ti ń kilẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ló ń gbabẹ̀ kọjá. Mo rí pátákó mi lọ́ọ̀ọ́kán, lékeléke kan dúró lórí rẹ̀ bí ẹni tó sanwó. Mo ká ṣòkòtò, mo wọlé. Ìgbésẹ̀ kẹrin, ẹrẹ̀ gba bàtà kan. Ìgbésẹ̀ karùn-ún, mo jókòó sínú omi dé àyà. Lékeléke yẹn ò tilẹ̀ fò.

Mo délé, mo ní gọ́tà ni mo já sí. Rosaline tú àpò ṣòkòtò mi, ó fa ewé kan yọ. "Dádì Ṣùbòmí, gọ́tà wo ló ń hu oṣíbàtà?" Mo ní Èkó nìyí, kò sóhun tí èèyàn ò lè rí. Ó fi ewé náà sáàárín ìwé ńlá kan, ó pa á dé.

Ọjọ́bọ̀, 26
Ilé ìwé ní kí àgbà ọkùnrin kan bá wọn lọ kó máa ka àwọn ọmọ. "Ẹ̀yin ni mo forúkọ yín sílẹ̀," ni Rosaline wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28
Inú mọ́tò ilé ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí táyà jò. Kò jò. Ọmọ méjìlélógún, gbogbo wọn pé.

Ọ̀gbẹ́ni Jude, olùṣọ́ àbàtà, kó wa gba orí afárá pákó. Kí n sòótọ́: ibẹ̀ dára. Oṣíbàtà tẹ́ lọ bí ẹní, ẹyẹ kan ń fi ìka ẹsẹ̀ gígùn rìn lórí ewé tí kò sì rì, afẹ́fẹ́ tútù. Mo gbàgbé ara mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Jude ní ibẹ̀ lomi òjò ń sá sí, tí kò fi wọ ilé àwọn ará abúlé. Ó ní inú ọgbà tí òun ń ṣọ́ ò léwu, ṣùgbọ́n ìta ọgbà níbi tí àwọn ẹyẹ ń yé sí, àwọn ará ìgboro ti ń rà á kọ́lé.

Rosaline gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ, irú èèyàn wo ló ń ra àbàtà?"
Wọ́n ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Aláìnírònú, ma!"
Mo bá wọn ké e. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ummulkhair ló gbé awò tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ lókèèrè sójú. Ọmọ yẹn ríran jù. "Ma! Pátákó kan ń bẹ lọ́hùn-ún o. Ma… orúkọ yín ló wà níbẹ̀!" Ó kà á sókè, kò fo lẹ́tà kan.

Gbogbo wọn yíjú sí Rosaline, òun yíjú sí mi. Mo ń wo òkè bí ẹni tó ń ka ìkùukùu. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Kí ni mo kọ́ yín? Ohun tí a bá rí la ń kọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́. Mo yọjú wo ìwé ọ̀kan: "4. Lékeléke mẹ́rìnlá. 5. Awọ́nríwọ́n kan. 6. Ilẹ̀ Misis Ṣówándé."

Ọjọ́ Àìkú, 29
Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kí adìyẹ àwọn ará ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 30
Ó ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Ó kà á pẹ̀lú báírò pupa lọ́wọ́. Mo ń retí máàkì.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Keje
Ilẹ̀ Líle pè. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ ra gbogbo ibẹ̀, wọ́n máa da iyanrìn sí i. Owó mi yóò padà, yóò tún lé. Pẹ́ńpẹ́ ló kù: kí ẹni tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ni ilẹ̀! Mo lọ bá a nínú kíṣìnnì, mo to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Dádì Ṣùbòmí, ẹ̀bùn ni àbí kì í ṣe ẹ̀bùn?"
Mo ní ẹ̀bùn ni.
"Ẹ ṣé. Mo gbà á. Mi ò tà á, ẹnikẹ́ni ò sì ní da iyanrìn sí i."
Ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3
Inú ń bí mi. Mi ò fọwọ́ kan fáìlì kankan lónìí. Mo fẹ́ kú sínú ilé ara mi. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5
Lówùúrọ̀, ó wá jókòó tì mí. Ó ní òun mọ̀ pé ó dùn mí. Ó ní ojú ò tì òun rí pé ilé onílé là ń gbé, irọ́ tí mo pa ló dun òun. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ orúkọ òun gàdàgbà tó báyẹn rí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú èmi náà ò gbẹ.

Ó ní bí mo bá fẹ́ tà á, kí n sọ bẹ́ẹ̀ lọ́la, òun yóò fọwọ́ sí i, òun ò ní bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà.

Ọjọ́ Àìkú, 6
Ìdúpẹ́. Àlùfáà ní, "Bàbá Ṣùbòmí ní ìkéde kan." Mo bọ́ síwájú, mo gbé ìwé lé Rosaline lọ́wọ́, mo ní ilẹ̀ ni mo rà fún un. Ìjọ hó gèè. Orin ta. Àlùfáà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn: ọjọ́ wo ni ìjọ ń bọ̀ wá gbàdúrà ìpìlẹ̀?

Rosaline ń wo bàtà rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má bínú sà. A ò ní kọ́lé síbẹ̀. Àbàtà ni, Òde-Omi ló wà. Mo rà á lọ́wọ́ Taoheed ti Pápá Àjàó nínú ọyẹ́, mi ò mọ̀. Ẹyẹ ló ń yé síbẹ̀, ìyàwó mi sì fẹ́ kí wọ́n máa yé lọ. Èmi náà ti fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ẹnì kan ṣoṣo ló pàtẹ́wọ́, Rosaline ni. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo wọn, kò sì fi í sílẹ̀ títí ìsìn fi parí. Mo láyọ̀. Ayálégbé ni mí, mo sì láyọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin mẹ́ta fà mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn rọra bi mí: Taoheed yẹn, ṣé èyí tó máa ń fi gìgísẹ̀ kilẹ̀ ni?

Ẹnì kẹta ò tíì bọ́ aṣọ àlùfáà lọ́rùn.