Orúkọ Mi Wà Lórí Ìwé Àṣẹ Rẹ

Manisara, ọmọ Hom Bahadur,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Kathmandu ò mú ọ jù? Àwa níbí ń mí, a ń jẹun, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá tí mo bá ń gun òkè. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ohun tí yóò pa ẹ̀rín mọ́ wa lẹ́nu. Ẹfọ̀n wa ti bímọ, abo ni. Ìyá rẹ fẹ́ fi orúkọ rẹ pè é, mo ní kó má dán an wò, pé orúkọ tí ìjọba ti kọ sínú ìwé kì í ṣe orúkọ ẹran.

Ìwé àṣẹ àyẹ̀wò ojú tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù dé láyọ̀. Mo fi aṣọ wé fóònù náà, mo sì gbé e ní pẹlẹbẹ títí dé ìlú Tansen, kí ìwé inú rẹ̀ má baà ká. Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde ń rẹ́rìn-ín ṣáá, ó dájú pé inú rẹ̀ dùn sí ọ. Nọ́ńbà rẹ, igba ó lé mẹ́rìnlá! Nínú gbogbo Nepal, pẹ̀lú bí èèyàn ṣe pọ̀ tó yìí, igba ó lé mẹ́tàlá péré ló mọ ojú jù ọ́ lọ! Mo fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú ilé. Àwọn ará àdúgbò rò pé àwọn oníná mànàmáná ló kọ ọ́, mo sì ti là wọ́n lọ́yẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú omi bọ́ lójú mi ni ìlà kẹta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ọmọ Hom Bahadur Ale. Orúkọ mi, lábẹ́ òǹtẹ̀ ìjọba! O rántí pé orúkọ bàbá mi ló wà lórí ìwé ilẹ̀ wa, èmi ni mo sì ń ro oko náà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wá rò ó pé ìjọba ò lè kọ orúkọ àgbàlagbà sórí ìwé àṣẹ lásán. Bí wọ́n ṣe fún ọ láṣẹ ni wọ́n ṣe fún èmi náà.

Bí mo ṣe dé ọjà lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, mo bá Lokraj, ẹni tó ń gbé awò ojú kiri nínú agbọ̀n, tó máa ń ní kéèyàn máa wọ̀ ọ́ wò títí yóò fi kan èyí tí kò dun imú. Mo ní nọ́ńbà rẹ̀ dà? Mo ní òfin ti dé, pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ ojú ẹnikẹ́ni wò. Ó bi mí pé tèmi dà? Mo na ìwé sí i, mo fi ìka kan orúkọ mi. Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ń kùn lọ.

Ní ọjọ́ kejì ni mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sára òpó, mo ní kí àwọn èèyàn máa kà á láti ìdí igi ọsàn. Ẹni tí kò bá rí i kà, mo ní kó sún mọ́ ọn, gbogbo wọn ló sì rí i kà nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn. Mi ò gba rúpìì kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tún rí ìyá àgbà kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sójú ọmọ-ọmọ rẹ̀ nítorí eruku, mo ní kó dáwọ́ dúró, kó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà hàn mí. Èébú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà.

Lokraj burúkú ti lọ fẹjọ́ mi sùn nílé ìwòsàn wa. Nọ́ọ̀sì Nirmala, ọ̀gá ibẹ̀, fẹsẹ̀ rìn wá fúnra rẹ̀. Ó ní torí kí wọ́n lè mọ èwo ni ìwọ nínú àwọn Manisara ni wọ́n ṣe kọ orúkọ bàbá síbẹ̀, pé àṣẹ yìí ò dà bí ilẹ̀ tí ìdílé ń jùmọ̀ ro, orí tó jókòó ṣèdánwò nìkan ló ni ín. Ó ní tí mo bá ń fi nọ́ńbà rẹ ṣiṣẹ́, ìgbìmọ̀ tó fún ọ láṣẹ lè pè ọ́ wá jẹ́jọ́. Manisara, ẹ̀rù bà mí gan-an. Kí n fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́! Síbẹ̀ agídí ò jẹ́ kí n dákẹ́, mo ní kó dúró kí n fi hàn án pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo pe ìyá rẹ níbi tó ti ń hun aṣọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, mo gbé fọ́tò rẹ sókè, èyí tí o dé fìlà ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Mo ní ta nìyí? Ó ní Lakshmi ni, òrìṣà inú kàlẹ́ńdà. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń yìn ọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ náà ò rẹ́rìn-ín.

Ó ti tó ọdún kan tí ojú ọ̀tún ìyá rẹ kò ti ríran dáadáa mọ́. Ó ní ìka lòun fi ń mọ ọ̀nà òwú, òun ò sì fẹ́ kí o gbọ́ nígbà tí ìdánwò ìjọba wà lọ́rùn rẹ. Èmi tí mo ń yẹ ojú gbogbo abúlé wò, mò ń bá a jẹun lójoojúmọ́, mi ò mọ̀.

Mi ò jiyàn mọ́. Mo já ìwé àṣẹ rẹ tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri kúrò, mo sì fọwọ́ sí ìwé kan fún nọ́ọ̀sì pé èmi Hom Bahadur kì í ṣe ẹni tó ń yẹ ojú wò, n kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin yẹn dára, ọmọ mi. Bí kì í bá ṣe òfin, ǹ bá ṣì máa ní kí ìyá rẹ sún mọ́ kàlẹ́ńdà.

Nọ́ọ̀sì ní nǹkan kan funfun bíi wàrà wà nínú ojú náà, kó tètè rí ẹni tó ní nọ́ńbà. Ó dárúkọ ilé ìwòsàn ojú kan tó sún mọ́ wa. Ìyá rẹ ní òun ò lọ, pé òun lòun bí ẹni tó ní nọ́ńbà, òun ò ní gbé ojú fún àlejò. Manisara, orí mi wú! Mo yíjú sí ibi tí ẹfọ̀n wà kí nọ́ọ̀sì má baà rí ojú mi.

Nítorí náà fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, àti díẹ̀ fún òróró orúnkún. Adìẹ tí a ó gbé wá fún ọ, orí itan ni yóò jókòó, kò ní sanwó. Tí òfin bá sì ní ọmọ ò gbọdọ̀ yẹ ìyá rẹ̀ wò, bá mi bẹ ìgbìmọ̀. Sọ fún wọn pé Hom Bahadur ti ìlà kẹta ni, wọ́n mọ̀ mí.

Mo fi ìrẹsì funfun ìbùkún kàn ọ́ níwájú orí, bí a ṣe ń súre fún ọmọ nílé wa, láti ibi tí mo jókòó sí. Wà á gbó, wà á tọ́, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n lójú ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi báyìí, ó ní mi ò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun. Tí a bá dé, kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú kí o tó wo ojú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hom Bahadur Ale