Súìṣì Mẹ́rin Lára Gìtá Kan

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Mo ti kó bá ara mi! Àná ni mo tún wáyà gìtá mi tò, kí ohùn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ méjèèjì, àwọn tó ń gbé ìró okùn rẹ̀, lè máa ki fún orin ìyìn, kí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ fún háílàìfù tí mo bá pa ìdajì wọn. Súìṣì kan ì bá tó. Ojúkòkòrò mú mi ra mẹ́rin ní ọjà Okaishie ní Accra.

Lónìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Anti Adwoa, olórí akọrin wa, dá orin lójijì, bó ṣe máa ń ṣe. Mo tẹ súìṣì kan, gìtá pa lọ́lọ́. Mo tẹ òmíràn, ó ń kùn bí ẹ̀fọn. Kí n tó rí ohùn gidi, wọ́n ti ṣe Àmín.

Màámi dì mọ́ mi níta. "Ayekoo, o kú iṣẹ́, ọmọ mi! Gìtá rẹ dùn lónìí. Kò bo ohùn wa mọ́lẹ̀ rárá."

Lọ́la, èyí tó ń pa ìdajì píkọ́ọ̀pù nìkan ni màá fi sílẹ̀. Màámi ò gbọdọ̀ mọ èyí tó ń pa gbogbo ẹ̀.